Ìwé èsì ọmọ yín ń sọ ipò, kò sọ ohun tó mọ̀

Láti ìgbà tí ọdún ẹ̀kọ́ 2025/2026 ti wọlé ni ọ̀rọ̀ kárítúlọ́ọ̀mù tuntun, ìyẹn ètò ohun tí wọ́n ń kọ́ nílé ìwé, ti gba ẹnu àwọn òbí àti olùkọ́ ní Nàìjíríà. Ìjọba àpapọ̀ dín iye sọ́bújẹ́ẹ̀tì kù. Láti kíláàsì kìíní sí ìkẹta nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó di 9 tàbí 10; láti ìkẹrin sí ìkẹfà, 10 sí 12; ní JSS, 12 sí 14; ní SS, 8 tàbí 9. Ohun tí wọ́n ní àwọn ń fẹ́ ni pé kí ọmọ mọ nǹkan díẹ̀ dénú, dípò kó máa fi ẹnu tọ́ nǹkan púpọ̀ wò. Ìpinnu tó dáa ni. Àmọ́ báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ọmọ mọ̀ ọ́n dénú lóòótọ́? Ìwé èsì tó ń mú bọ̀ wálé ní ìparí sáà, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ripọ́ọ̀tù káàdì, ló yẹ kó sọ fún òbí. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, bí ìwé yẹn ṣe rí nígbà tí àwa fúnra wa wà ní kíláàsì náà ló ṣe rí títí dòní.

Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Orúkọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì wà lápá òsì, lẹ́yìn náà máàkì tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, máàkì tẹ́ẹ̀sì kejì, máàkì ìdánwò, àròpọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, àti lẹ́tà A tàbí B tàbí C. Nísàlẹ̀ ni ipò ọmọ nínú kíláàsì wà. Àwọn àpótí kéékèèké tún wà fún ìmọ́tótó, ìtètè-dé, òótọ́ sísọ àti ìkọ̀wé, tí olùkọ́ mìíràn máa ń fi 4 kún láti òkè délẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọ̀rọ̀ olùkọ́: "Èsì tó dára, tẹ̀ síwájú." Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ilé ìwé: "Ó lè ṣe jù báyìí lọ." Bí òbí bá ka gbogbo rẹ̀ tán, ó ti mọ̀ pé ọmọ òun gba 60 nínú Ìṣirò, ó sì ṣe ipò kejìlá láàárín ọmọ márùnlélógójì. Ohun tí ọmọ náà mọ̀ nínú Ìṣirò ọ̀hún, àti ibi tó ti ń ṣòro fún un, kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ méjì ní kíláàsì kẹrin, ká pe ọ̀kan ní Títí, ká pe ìkejì ní Bọ́lá. Wọ́n jọ ṣe ìdánwò Ìṣirò oníbéèrè 20. Mẹ́fà nínú ìbéèrè náà dá lórí nọ́ńbà odindi, márùn-ún lórí owó, márùn-ún lórí ìdá, mẹ́rin lórí gígùn àti ìwọ̀n. Títí gba gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti nọ́ńbà odindi, ó gba gbogbo márààrún ti owó, kò gba ẹyọ kan nínú ti ìdá, ó gba ọ̀kan péré nínú ti ìwọ̀n. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12. Bọ́lá gba mẹ́ta-mẹ́ta nínú ìsọ̀rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun náà gba 12. Ìwé èsì àwọn méjèèjì máa gbé 60 lọ sílé. Ipò kan náà ni wọ́n máa wà. Bóyá ọ̀rọ̀ kan náà ni olùkọ́ máa kọ fún wọn.

Bẹ́ẹ̀ ìṣòro wọn ò jọra rárá. Títí kò mọ ìdá. Ó lè jẹ́ pé ibà ló mú un ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ, ó sì lè jẹ́ pé olùkọ́ ló sáré gba orí rẹ̀ kọjá nítorí ìdánwò ti dé tán. Èyí tó wù kó jẹ́, kíláàsì karùn-ún ń bọ̀ tòun ti dẹ́símàlì àti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, orí ìdá sì ni àwọn méjèèjì dúró lé. Ọmọ tó ń gba 60 lónìí lè já sí 35 lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn ará ilé á sì máa wí pé ó ti ń fi eré ṣe ẹ̀kọ́. Ní ti Bọ́lá, bí ẹ bá wo ìbéèrè mẹ́jọ tó kùnà, ẹ lè rí i pé mẹ́fà nínú wọn jẹ́ ìbéèrè alálàyé, àwọn tó ń sọ pé obìnrin kan ra ọsàn báyìí, ó tà báyìí, èló ló kù, tí wọ́n sì kọ ọ́ ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì gígùn. Níbi tí wọ́n ti kọ nọ́ńbà nìkan síwájú rẹ̀, ó ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ìṣirò ò ṣòro fún Bọ́lá. Kíkà ló ṣòro fún un. Bí wọ́n bá kó àwọn méjèèjì lọ sí lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n sì tún kọ́ wọn ní ìsọdipúpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, owó òbí ti lọ, ọmọ ò sì rí ohun tó nílò gbà. Ìyẹn ni fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé olùkọ́ ti ní ìmọ̀ tí à ń wá lọ́wọ́. Nígbà tó ń máàkì ìwé, ó rí ìbéèrè tí Títí kùnà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n gẹ́rẹ́ tó bá ti ro máàkì pọ̀, tó kọ 12 sórí ìwé, tó sì kó o sínú rẹ́jísítà, gbogbo ohun tó kù ti dànù. Nọ́ńbà kan péré ló ṣẹ́ kù nínú gbogbo ohun tí ọmọ fi wákàtí kan kọ.

Kárítúlọ́ọ̀mù náà ò sì fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láìsọ. Àjọ NERDC, tó ń ṣètò ohun tí wọ́n ń kọ́ nílé ìwé ní Nàìjíríà, máa ń la ojú ìwé kárítúlọ́ọ̀mù sí òpó-òpó: àkọlé, ohun tó yẹ kí ọmọ lè ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kókó ẹ̀kọ́, iṣẹ́ olùkọ́ àti ti ọmọ, ohun èlò, lẹ́yìn náà ọ̀nà tí olùkọ́ máa gbà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọmọ ti mọ̀ ọ́n. Òpó ìkẹyìn yẹn, pẹ̀lú ìkejì, ló ṣe pàtàkì jù sí ohun tí à ń sọ. Inú ìwé yìí ni àwọn ìpínlẹ̀ ti ń yọ ètò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ jáde, inú ètò iṣẹ́ yẹn sì ni olùkọ́ ti ń kọ lẹ́sìn nóòtì. Ìdánwò náà ibẹ̀ ló ti wá. Nígbà tó bá di ìwé èsì ni okùn náà máa já.

Bí a ṣe máa so ó padà kò le. Bí olùkọ́ bá ń ṣètò ìdánwò, kó kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan èyí tó kàn nínú àkọlé kárítúlọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn máàkì, kó fa ìlà sórí ìwé ńlá kan: orúkọ àwọn ọmọ lọ sísàlẹ̀, nọ́ńbà ìbéèrè lọ sápá ọ̀tún, kó fi 1 síbi tí ọmọ ti gbà, kó fi 0 síbi tó ti kùnà. Bó bá ka ìlà kan láti òsì sí ọ̀tún, ó ti rí ọmọ kan. Bó bá ka òpó kan láti òkè wá sísàlẹ̀, ó ti rí iṣẹ́ ara rẹ̀, ojú ẹni a sì ṣí níbẹ̀. Ká sọ pé ìbéèrè kẹrìnlá ní kí wọ́n ro 1/2 àti 1/3 pọ̀, tí ọmọ 31 nínú 45 sì kọ 2/5. Kì í ṣe pé ọmọ 31 ya ọ̀lẹ. Wọ́n ro nọ́ńbà òkè pọ̀, wọ́n ro ti ìsàlẹ̀ pọ̀, kò sì sí ẹni tó fi hàn wọ́n pé 2/5 kò tó ìdajì. Ẹni tó ní ìdajì búrẹ́dì, tí wọ́n tún fún ní ìdá kan nínú mẹ́ta, báwo ni tiẹ̀ ṣe máa dín sí ìdajì? Olùkọ́ tó bá rí òpó yẹn ní ọjọ́ Ẹtì mọ ohun tó máa kọ́ ní ọjọ́ Ajé. Èyí tó rí àròpọ̀ nìkan á kọjá sí àkọlé tó kàn.

Láti inú ìwé yẹn náà ni ìwé èsì òbí ti lè jáde. Gbólóhùn mẹ́ta ti tó: "Títí lè ro nọ́ńbà odindi pọ̀, ó lè yọ ọ́ kúrò, ó sì lè ṣe ìṣirò owó láìsí ìrànlọ́wọ́. Kò tíì lè fi ìdá méjì wéra, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì lè rò wọ́n pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ sáà tó ń bọ̀ la máa fi ràn án lọ́wọ́ lórí rẹ̀; ẹ jẹ́ kó máa bá yín pín nǹkan nílé, kó sì máa sọ ìdá tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan." Òbí tí kò kàwé pàápàá, tí wọ́n bá kà á fún un, mọ ohun tó máa ṣe.

Mo mọ̀ pé ipò dùn mọ́ wa. Ìgbéraga àti ìtìjú ìdílé wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ipò kì í wọn ìlọsíwájú. Ọmọ lè ti ipò kẹwàá bọ́ sí ìkarùn-ún nítorí pé ọmọ márùn-ún tó mọ̀wé jù ú lọ kó kúrò ní àdúgbò. Ó sì lè lọ sẹ́yìn láti ìkẹta sí ìkeje nígbà tó jẹ́ pé ohun tó mọ̀ ti di ìlọ́po méjì. Máàkì náà ní ìṣòro tirẹ̀: 65 ní sáà kìíní àti 58 ní sáà kejì kò túmọ̀ sí pé ọmọ rẹ̀yìn, nítorí pé ohun tí wọ́n bi í ní sáà kejì kọ́ ni wọ́n bi í ní sáà kìíní. Àjọ UNICEF ti ń sọ ọ́ lemọ́lemọ́ pé nínú ọmọ mẹ́rin tó wà láàárín ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà, mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn tí kò le kó sì yé wọn, tàbí ṣe ìṣirò tí kò le. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, èyí tó wà nílé ìwé lára wọn ń gba ìwé èsì, ẹnì kan sì ń ṣe ipò kìíní láàárín wọn.

Nígbà tí ètò ìdánwò àárín sáà, tí gbogbo wa ń pè ní CA, wọlé, kì í ṣe báyìí ni wọ́n fẹ́ kó rí. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti ọdún 1977 ló mú un wá, ó sì gbilẹ̀ pẹ̀lú ètò 6-3-3-4 ní 1982. Èrò náà ni pé kí ọjọ́ ìdánwò kan ṣoṣo má máa pinnu ọ̀rọ̀ ọmọ, kí olùkọ́ sì máa rí àṣìṣe nígbà tí àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé sọ ọ́ dà ni ìdánwò kékeré méjì tí wọ́n ń rò mọ́ ìdánwò ńlá. Máàkì pọ̀ sí i, àmọ́ ìmọ̀ olùkọ́ nípa ọmọ kò pọ̀ sí i.

Ní ti WAEC, ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀. Lẹ́yìn ìdánwò WASSCE, tí àwọn ọmọ ń ṣe ní ìparí SS3, àwọn ọ̀gá olùyẹ̀wò máa ń kọ ìròyìn lórí sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan: ibi tí àwọn ọmọ ti ṣe dáadáa, ibi tí wọ́n ti kùnà, àti àtúnṣe tí àwọn olùkọ́ lè ṣe. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Nínú Ìṣirò, ọ̀kan lára ohun tó ń jẹ jáde níbẹ̀ léraléra ni pé àwọn ọmọ kì í lè sọ ìbéèrè alálàyé di ìṣirò. Ìṣòro Bọ́lá gan-an nìyẹn, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn kíláàsì kẹrin. Ká ní ẹnì kan ti kọ ọ́ sínú ìwé èsì rẹ̀ nígbà náà ni. Ọmọ tó jókòó ṣe ìdánwò ọ̀hún kì í rí ju lẹ́tà kan gbà: C6, D7. Ìròyìn wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, kò sí fún òun.

Ọ̀rọ̀ WAEC ti ọdún 2025 tún kọ́ wa ní nǹkan. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n kọ́kọ́ kéde pé 38.32% nínú àwọn ọmọ ló ní kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fa èsì náà sẹ́yìn. Wọ́n ti to ìbéèrè ní oríṣi ọ̀nà kí àwọn ọmọ má bàa jíwèé wò, àmọ́ fáìlì ìdáhùn tí wọ́n fi máàkì apá ìbéèrè A-B-C-D, tí ọmọ ń mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin, nínú Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èyí tó yẹ. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, 38.32% di 62.96%. Ẹ ro iye ilé tí ẹkún ti sọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn. Àròpọ̀ lè gbé irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ mì láìhàn. Bí a bá wo ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò hàn, nítorí pé ìbéèrè tó rọrùn jù á jọ èyí tí gbogbo ọmọ ń fi ojú dídì mú ìdáhùn rẹ̀. Bó ṣe rí ní kíláàsì náà nìyẹn: bí ọmọ tó mọ̀wé jù bá kùnà ìbéèrè kan tí àwọn tí kò mọ̀wé gbà, ẹ tún ìbéèrè ọ̀hún kà kí ẹ tó bá ọmọ wí.

Àwọn òbí wa tó wà ní ìlú Ọba ń bá irú ọ̀rọ̀ yìí yí ní ọ̀nà mìíràn. Títí di ọdún 2014, ìpele ni wọ́n fi ń ka ìlọsíwájú ọmọ ní England: ọmọ wà ní 3a, ó bọ́ sí 4b. Ìjọba wọ́gi lé e nígbà tí kárítúlọ́ọ̀mù tuntun wọlé, lára ìdí rẹ̀ sì ni pé òbí mọ ìpele ọmọ rẹ̀ láìmọ ohun tí ọmọ náà lè ṣe. Láti 2016, èsì SATs ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń wá ní òdiwọ̀n láti 80 sí 120, 100 sì ni ojú ìlà tí kárítúlọ́ọ̀mù fà sílẹ̀. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, tó rí 103 lórí ìwé ọmọ rẹ̀ ní Peckham ní London, lè fẹ́ mọ ipò tó ṣe. Ilé ìwé ò ní í sọ ipò fún un. Ìbéèrè tó yẹ kó bi olùkọ́ lálẹ́ ìpàdé òbí wà lára bí wọ́n ṣe ṣètò ìdánwò náà, nítorí pé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n so mọ́ apá kan nínú kárítúlọ́ọ̀mù. Nínú ìwé kíkà, fún àpẹẹrẹ, mímọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nínú àyọkà ní àmì tirẹ̀, wíwá ohun tí ìwé sọ ní tààrà ní tirẹ̀, mímọ ohun tí òǹkọ̀wé ò sọ jáde náà ní tirẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n sọ èyí tí máàkì ọmọ yín ti lọ nínú wọn. Wọ́n ní in lọ́wọ́, ilé ìwé sì gbọ́dọ̀ fún òbí ní ìròyìn tí wọ́n kọ sílẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Mo gbọ́dọ̀ padà sórí èdè, nítorí Bọ́lá. Ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì mẹ́fà àkọ́kọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kí wọ́n máa lò. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bíi sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, kódà Gẹ̀ẹ́sì ò ṣòro fún wọn ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ibi yòówù kí òfin ìjọba gbà lọ, níwọ̀n ìgbà tí ìdánwò Ìṣirò bá ti ń wá ní èdè tí ọmọ ò tíì gbọ́ dénú, máàkì Ìṣirò kì í ṣe ti Ìṣirò nìkan. Olùkọ́ lè mọ̀ bó ṣe jẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún: kó ka ìbéèrè tí ọmọ kùnà fún un ní Yorùbá, kó wò ó bóyá á ṣe é. Bó bá ṣe é, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé èsì pé kíkà ló ń dà á láàmú.

Àwọn ohun kan wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Ìbéèrè kan ṣoṣo lórí àkọlé kan kò tó láti fi ṣe ìdájọ́. Bó bá jẹ́ A-B-C-D, ọmọ 40 tí kò mọ nǹkan kan nípa ìdá lè fi orí-ire mú un, kí bíi 10 nínú wọn sì gbà á. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló yẹ kó wà lórí àkọlé kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ sì fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn nínú àwọn kan. Ohun tí ìdánwò orí ìwé ò lè wọ̀n náà pọ̀: bí ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀, bó ṣe ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan, bó ṣe ń bi ìbéèrè. Èyí tó léwu jù ni kí wọ́n sọ ìwé oní-1-àti-0 yìí di pàṣán lórí olùkọ́. Lọ́jọ́ tí owó oṣù tàbí ìgbéga bá ti rọ̀ mọ́ ọn, 0 á bẹ̀rẹ̀ sí í di 1 lórí ìwé, àǹfààní rẹ̀ á sì dópin níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ náà, kí ilé ìwé má máa fi èsì gbogbo kíláàsì sórí WhatsApp àwọn òbí. Òfin ààbò ìwífún ti ọdún 2023 wà, àmọ́ bí kò bá tilẹ̀ sí òfin, ọmọ tó ṣe ìkẹyìn ní ojú tó ń tì í.

Àwọn olùkọ́ á ní iṣẹ́ ti pọ̀ lórí àwọn jù, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó ní ọmọ 60 níwájú rẹ̀ kò lè ṣe èyí fún sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá. Kó fi Ìṣirò àti kíkà bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kọ́ ló kọ́kọ́ nílò. Bébà onílà àti bírò ti tó, ẹni tó bá fẹ́ sì lè ṣe é sórí fóònù. Èkó ti ní EKOEXCEL láti 2019, Ẹdó ti ní EdoBEST láti 2018, ètò ìjọba ìpínlẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni méjèèjì, tí wọ́n ti fi tábúlẹ́ẹ̀tì lé àwọn olùkọ́ lọ́wọ́. Níbi tí irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà, kó máa gbé ìròyìn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan jáde fún òbí pẹ̀lú.

Ibi tí mo ti máa fẹ́ kí àwọn SUBEB ìpínlẹ̀ wa, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, kọ́kọ́ fi ọwọ́ sí ni ìwé tí ọmọ ń mú lọ sí JSS1. Olùkọ́ Ìṣirò JSS1 lè gba ọmọ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́fà tàbí méje sínú kíláàsì kan ṣoṣo, gbogbo wọn ló mú àròpọ̀ máàkì lọ́wọ́, kò sì sí èyí tó sọ fún un ẹni tó mọ ìdá àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Idaji sáà àkọ́kọ́ ló fi ń wá a kiri, bó bá jẹ́ ẹni tó bìkítà. Bí kò bá bìkítà, á bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní ìwé tuntun. Ojú ìwé kan péré tó ní àwọn àkọlé kárítúlọ́ọ̀mù Ìṣirò àti kíkà ti kíláàsì kẹfà, pẹ̀lú "ó lè ṣe é", "ó kù díẹ̀", "kò tíì lè ṣe é" níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ní ná ìjọba ju owó bébà tí wọ́n fi ń tẹ ìwé èsì ti àtijọ́ lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ ti ìparí ọdún ẹ̀kọ́ yìí, kí wọ́n fi í kún un.